Bẹ́ ẹ ṣe lè tú ìtàn òpó ọjà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú yín ní Scotland

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Aberdeen, Edinburgh àtàwọn ìlú kéékèèké níbẹ̀, ẹ máa ń kọjá lára òpó òkúta kan láàárín ìlú, tó ní àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, tí ẹṣin oníwo kan sì sábà máa ń wà lórí ẹ̀. Mercat cross làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sórí fóònù nìyẹn tẹ́ ẹ bá ń wá ìtàn ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde òfin ọba, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fìyà jẹ arúfin lójú gbogbo ayé. Láti ayé Ọba David Kìíní (1124 sí 1153) làwọn ọba ti ń fún ìlú kan láṣẹ ọjà, òpó yìí ló sì máa ń fi hàn pé ìlú náà gbàṣẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó fínnífínní. Àtẹ̀gùn, òpó, ohun tó wà lórí, ẹ wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí wọ́n lè má dàgbà bákan náà rárá. Ní Culross, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti pẹ́ gan-an, àmọ́ 1902 ni wọ́n ṣe òpó tó wà lórí ẹ̀. Tí àwọ̀ òkúta bá yàtọ̀, tí òjò ti jẹ apá kan tí ìkejì ṣì mú, ẹ fura.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà? Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ wo ti Edinburgh: ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ láti 1365, wọ́n sún un kúrò ní 1617, nígbà tó di 1756 wọ́n wó o pátápátá pé ó ń dí ọ̀nà, wọ́n sì ti kọ́lé ńlá fáwọn oníṣòwò pé kí wọ́n wọlé lọ máa ná ọjà, àwọn yẹn kọ̀ jálẹ̀, ojú títì níbi tí òpó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń dúró sí (tẹ́ ẹ bá mọ ọlọ́jà, kò lè yà yín lẹ́nu). Apá kan òpó yẹn lọ sí ọgbà olówó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gilmerton, 1866 ni wọ́n tó gbé e padà. William Gladstone, olóṣèlú tó ti ṣe olórí ìjọba Britain, ló wá sanwó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles báyìí, ní 1885. Òun ni wọ́n dúró lé tí wọ́n fi kéde Ọba Charles ní September 11, 2022. Àmọ́ tẹ́nì kan bá nà án sí yín pé ibí ni wọ́n ti yẹgi fún Montrose, ọ̀gágun tó jà fún ọba, ní 1650, ẹ ní kó wo ilẹ̀ lójú títì High Street, òkúta tí wọ́n tò ní igun mẹ́jọ ló fi ibi tí òpó náà wà láti 1617 sí 1756 hàn.

Máàpù àtijọ́ ló máa ń parí àríyànjiyàn. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì láíbìrì ìjọba Scotland, maps.nls.uk. James Gordon ya máàpù Edinburgh ní 1647, ó ya ti Aberdeen ní 1661. Ti Aberdeen tó wà lóde báyìí, John Montgomery ló kọ́ ọ ní 1686, ó gbẹ́ ojú àwọn ọba Stuart sí i lára, ṣùgbọ́n wọ́n sún un nínú Castlegate, ìyẹn gbàgede ọjà ìlú náà, ní 1842, torí náà ẹ wá máàpù tó ṣáájú ọdún yẹn àtèyí tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra.

Ẹ wo trove.scot náà, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn ilé àti ibi àtijọ́ Scotland sí. Ẹ tún ka ohun táwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kọ nípa ìlú wọn, èyí tí Sir John Sinclair kó jọ láàárín 1791 sí 1799, àti ẹlẹ́ẹ̀kejì ti 1834 sí 1845. Ó dùn ún kà, àmọ́ àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn ìlú wọn jù, ẹ fi máàpù yẹ̀ ẹ́ wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí èyí tí wọn ò gbé kúrò rí, ẹ wọ rélùwéè láti Waverley, ibùdó rélùwéè Edinburgh, lọ sí Prestonpans, òpó Preston ò jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ máa bọ́ sílẹ̀. Láti nǹkan bíi 1617 ló ti wà lójú kan, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kiri ọjà ní agbègbè Lothian sì rà á ní 1636. Ẹ yí ìsàlẹ̀ ẹ̀ po, ẹ máa rí ilẹ̀kùn kékeré, àtẹ̀gùn tí akéde ń gbà gun orí ẹ̀ wà nínú.