Bí mo ṣe tún ìkànnì aláṣọ Balógun ṣe fún oníbàárà tí kò ríran

Àlàájà kan tó ń ta aṣọ òkè ní Balógun ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Sùúrùlérè kò ríran mọ́. Obìnrin náà ń lo fóònù dáadáa, àmọ́ kò lè ra nǹkan lórí ìkànnì Àlàájà àfi kí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

TalkBack ni mo kọ́kọ́ tàn lórí Android mi, òun ló máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù síta. Mo dijú, mo ń fi ìka kan ra ojú fóònù sọ́tùn-ún, kó máa bọ́ sórí nǹkan tó kàn. Nọ́ńbà fáìlì àwòrán ló ń kà fún mi dípò orúkọ aṣọ. Tó bá dé ibi tí wọ́n ya apẹ̀rẹ̀ ọjà sí, "bọ́tìnì" lásán ló ń pè é. Bọ́tìnì kí ni?

Ti àwòrán kò le nínú kóòdù. Àyè kan wà tó ń jẹ́ alt. Ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀ ni fóònù máa kà. Ohun tí a máa kọ gan-an niṣẹ́ wà. Mo ní kí Àlàájà máa ṣàlàyé bí ìgbà tí oníbàárà bá pè é láti ọ̀nà jíjìn, èmi sì ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹtù nìyẹn, ọmọ mi. Aró rẹ̀ dúdú, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀. Ó nípọn, ó dáa fún agbádá."

"Èyí ńkọ́, Àlàájà?"

"Sányán. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí."

Bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́. N kò fi "àwòrán" bẹ̀rẹ̀ ìkankan, torí fóònù fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé àwòrán ni. Òdòdó tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, mo fi alt tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí fóònù lè fò ó.

Lẹ́yìn náà ni mo fún bọ́tìnì àti àpótí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ eérú kan wà lórí funfun, #999999 ni nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ òun àti funfun kò ju 2.85 sí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ WCAG, ìlànà àgbáyé fún ìkànnì tí akàndá ẹ̀dá lè lò, ń béèrè 4.5, mo sọ ọ́ di #595959 tó dúdú jù ú lọ. Mo yọ outline: none tí ẹni tó kọ́ ìkànnì náà fi síbẹ̀, òun ló ń pa ìlà tó yẹ kó yí ibi tí èèyàn wà ká rẹ́, kí ẹni tí kò lè di máòsì mú lè rí ibi tó wà bó ṣe ń tẹ Tab. (Èkó ti ṣòfin fún àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì gba ìbuwọ́lù ní January 2019. N kò dárúkọ òfin fún Àlàájà. Ọjà ló yé e.)

Ibi ìsanwó ni ọwọ́ mi kò ká. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni ojú ìwé yẹn, kí fóònù tó kà á tán, àsìkò OTP ti kọjá. Inú àwòrán sì ni nọ́ńbà àkáǹtì Àlàájà wà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bí ọ̀rọ̀ gidi, mo fi bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dà á kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi áàpù báǹkì tirẹ̀ san án.

Oníbàárà náà yan ẹtù fúnra rẹ̀. Àmọ́ kó tó sanwó, ó pe Àlàájà: iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti pọ̀ jù, èló ni jálẹ̀?