Bí A Ṣe Ń Na Iṣan Ìgbáròkó Tó Súnkì Kí Ẹ̀yìn Lè Fúyẹ́

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbada gààrí rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó á mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá fẹ́ dìde lórí àpótí: ọwọ́ kan lórí orúnkún, èkejì ní ìbàdí, ẹ̀yìn ò sì tíì fẹ́ nà. Bí ìyá mi ṣe ń dìde nìyẹn. Ìpara gbígbóná la máa ń fi ra á lẹ́yìn. Ó ń tù ú, àmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, ìrora á tún dé.

Ẹ̀yìn ló ń dùn, ṣùgbọ́n nígbà míì, iwájú ni okùn tó ń fà á wà. Àwọn dókítà ń pe iṣan náà ní psoas. Ara ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ìfun, ó gba iwájú ìgbáròkó, ó wá lẹ̀ mọ́ egungun itan lápá inú. Òun ló ń gbé itan sókè tí a bá ń gun àtẹ̀gùn. Tí a bá jókòó, ó máa ń ká. Tí a bá wá jókòó látàárọ̀ dalẹ́, lórí àpótí tàbí nídìí ọkọ̀ tó ń ná Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó lè le síbẹ̀. Bí a bá dìde, á máa fa ọ̀pá ẹ̀yìn síwájú.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò. Ẹ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fa orúnkún kan mọ́ àyà, kí ẹsẹ̀ kejì rọ̀ sílẹ̀. Bí itan ẹsẹ̀ tó rọ̀ náà ò bá balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣeé ṣe kí iṣan náà ti súnkì.

Àmọ́ bí ẹ bá ṣubú kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, bí ibà bá wà níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá kú bíi pé kì í ṣe ara yín, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé tọ̀ tàbí kò ṣeé mú mọ́ra, ẹ má na ohunkóhun. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ṣẹ́ aṣọ nípọn sílẹ̀, ẹ fi orúnkún ọ̀tún kúnlẹ̀ lé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ di àga mú bí ara bá ń mì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á ti àyà síwájú, ẹ̀yìn á tẹ̀ wọnú, ìrora á sì pọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ fún ìdí ọ̀tún pọ̀ kó le, bí ẹni tó ń mú ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ra. Ẹ wá rọra sún gbogbo ara síwájú, ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré. Iwájú itan lókè ni yóò ti máa fà yín. Ó lè fà, kò gbọdọ̀ dùn. Ẹ ka 30 jẹ́jẹ́, ẹ máa mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́.

Nína iṣan inú ìdí náà ò ṣòro: ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, ẹ fi kókósẹ̀ ọ̀tún dábùú orúnkún òsì, ẹ fa itan òsì mọ́ra, kí ẹ tún ka 30. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Ìyá mi kì í ráyè kúnlẹ̀ nídìí iná, alẹ́ ló ń ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá ti kó gààrí kúrò nínú agbada, mo ní kó dìde, kó rìn dé ibi tí wọ́n to àpò ẹ̀gẹ́ sí, kó tó padà wá da òmíràn sí i.