Bí a ṣe ń mú kóòdù kernel yá láìsọ ọ́ di àdììtú

Ẹ kọ́kọ́ kọ kóòdù náà kó yé ẹlòmíràn. Kernel Linux, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ni mò ń bá wí, èyí tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, torí kóòdù rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ wà nínú rẹ̀, ní Documentation/process/coding-style.rst. Kò gùn, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé goto, àṣẹ tó ń mú kóòdù fò lọ síbòmíràn, tí àwọn olùkọ́ fi ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe èèwọ̀: bí nǹkan bá dàrú láàárín function, ẹ fò lọ sísàlẹ̀, ẹ tú lọ́ọ̀kì, ẹ dá mẹ́mórì padà, ẹ jáde. Ó yá, ó sì yéni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi perf, irinṣẹ́ tó ń wọn bí kóòdù ṣe ń ná àkókò, wá ibi tí àkókò ń bá lọ: perf record -g, kí perf report tẹ̀ lé e. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ẹ̀rọ ń dìde, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó wá ku wíwọ̀n. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ. Wọ́n á tún kóòdù kọ, wọ́n á dán an wò lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà á wálẹ̀, ariwo á sọ. Bẹ́ẹ̀ processor fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ eré: tó bá gbóná jù, á dẹwọ́, tí laptop bá wà lórí bátìrì, ó tún lè dẹwọ́ sí i. Ẹ ki wáyà bọ iná, kí ẹ fi cpupower frequency-set -g performance di eré processor mú. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìdánwò, ẹ da èsì yẹn nù, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ lo taskset -c 2 kí iṣẹ́ má máa ṣí kiri láti core kan (ọ̀kan nínú àwọn apá processor tó ń ṣiṣẹ́) sí òmíràn.

perf stat -r 10 ni kí ẹ lò. Á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á sì sọ bí èsì ṣe ń fì síwá sẹ́yìn. Bí èrè tí ẹ ń yọ̀ lé bá kéré ju fífì yẹn lọ, ẹ ò tíì jèrè kankan.

Mo tún máa ń rí àwọn tó ń wọn kernel tí CONFIG_KASAN (tó ń ṣọ́ àṣìṣe mẹ́mórì) àti CONFIG_PROVE_LOCKING (tó ń ṣọ́ àṣìṣe lọ́ọ̀kì) ṣì wà ní títàn. Àwọn yẹn wúlò púpọ̀ fún wíwá àṣìṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ń fa gbogbo nǹkan sẹ́yìn; ẹ pa wọ́n kí ẹ tó wọ̀n. QEMU, ètò tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni kọ̀ǹpútà, dára láti mọ̀ bóyá kernel yóò dìde. Ẹ má fi ka àkókò. Laptop tòkunbọ̀ tó ti gbó sàn jù ú lọ fún èyí.

Tó bá wá di àtúnṣe, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Títo struct (àkójọ dátà tí a so pọ̀; field ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀) ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí kò ni ẹni tó ń kà á lára: ẹ kó àwọn field tí a jọ ń lò sójú kan, sínú báìtì 64 tó jẹ́ cache line kan, ìwọ̀n tí processor ń kó láti mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan, lórí x86-64. Irinṣẹ́ pahole á fi àyè tó ṣófo inú struct hàn yín. Ní ti inline, tó ń ṣe àdàkọ kóòdù function sí ibi tí wọ́n ti pè é, ìlànà kernel ní kí function tó ju ìlà 3 lọ má gbà á. Kóòdù á kàn sanra lásán ni. likely() àti unlikely() náà, tí a fi ń sọ fún compiler ọ̀nà tí kóòdù sábà ń gbà, ẹ má lò wọ́n àfi níbi tí perf bá ti tọ́ka sí.

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n orí tó, kó wo prefetch. Ó wà nínú kóòdù tí kernel fi ń tọ list (dátà tó so kọ́ra wọn) fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní òun ń bá processor pe dátà tó kàn sílẹ̀. Ní 2011, Torvalds yọ ọ́ kúrò: processor ti ń ṣe é fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ list inú hash kúrú, prefetch á wá máa lọ pe NULL tí kò sí nílé, àkókò á sì ṣòfò.

Bí ẹ bá dá ohun tó ṣòro kà sí, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí orí rẹ̀ gan-an, kí nọ́ńbà ṣáájú àti nọ́ńbà lẹ́yìn wọ inú ọ̀rọ̀ commit (àkọsílẹ̀ tó ń bá àtúnṣe lọ), pẹ̀lú irú processor tí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Olùtọ́jú apá yẹn á bèèrè rẹ̀ dandan, nítorí náà ẹ má dúró dè é.