Ìpara asúnwọ̀n tí mo sè lẹ́ẹ̀mejì

Làpálàpá tó wà lọ́rùn àbúrò mi ló fà á. Oríṣiríṣi ìpara ló ti rà, ó ti sú u, ni mo bá ní kí n gbé asúnwọ̀n òyìnbó yẹ̀ wò, ewé tí ìyá wa àgbà máa ń gún mọ́ ọṣẹ dúdú.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ bá mi mú ewé làpálàpá." Wọ́n di bọ̀tujẹ̀ fún mi. Wọn ò jẹ̀bi: lápálápá làwọn kan ń pe bọ̀tujẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ti àrùn sì jọra létí. Oje tó ń ro lẹ́nu igi rẹ̀ ló jẹ́ kí n fura. Méjì-méjì ni ewé asúnwọ̀n máa ń tò sára ọ̀pá kan, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè á sì nà ṣánṣán bí àbẹ́là. Màmá rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, o ò bá ti sọ pé asúnwọ̀n."

Ewé tútù ni mo gún nígbà àkọ́kọ́, mo fún omi rẹ̀ sínú òrí yíyọ́. Ó ń dán, inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹjọ mo ṣí agolo, irun funfun ti hù bò ó. Omi ló fà á. Òróró àti òrí nìkan kì í tètè bu, àmọ́ tí omi bá ti wọ̀ ọ́, àfi téèyàn bá fi nǹkan tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ sí i.

Nígbà kejì, mo sá ewé sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́fà, títí ó fi ń rún wómúwómú. Mo da 250 mìlílítà àdí àgbọn lé 30 gíráàmù rẹ̀ lórí, mo gbé abọ́ náà lé ìkòkò omi gbígbóná fún wákàtí mẹ́ta, torí tó bá jẹ́ orí iná gan-an ni, á jó. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ìda oyin, 25 gíráàmù, ni mo kọ́kọ́ yọ́ sínú rẹ̀, torí kì í tètè yọ́ bí òrí, kí n tó fi òrí 150 gíráàmù kún un. Òrí tó bá dì díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń ṣe hóró-hóró bíi gàrí. Inú omi yìnyín ni mo gbé abọ́ sí, tí mo ń rò ó títí ó fi dì.

Mo wá se òmíràn tí kò léwé nínú. Mo kọ 1 sí i lára, mo kọ 2 sára ti eléwé, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn mẹ́fà nínú ilé fi kín-ún nínú méjèèjì pa inú apá fún ọjọ́ méjì. 2 yún ẹnì kan, awọ rẹ̀ pọ́n, mo ní kó fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè èyí tó dáa jù fún awọ gbígbẹ, mẹ́rin mú 1. Ó dùn mí díẹ̀.

Àbúrò mi fi 2 pa ọrùn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ gbẹ, etí làpálàpá náà sì pòórá. Èròjà tó ń dojú kọ irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà nínú asúnwọ̀n lóòótọ́, àmọ́ ọrùn ẹnì kan kò tó ẹ̀rí, àti pé àsìkò yẹn náà ló jáwọ́ nínú yíyá táwẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì. Àǹtí mi ti ní ká máa tà á. Mo ní ó di ìgbà tá a bá gba ìwé NAFDAC.

Lánàá, àbúrò mi gbé agolo òfìfo wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rọ òmíì sí i." Mo ní èwo? Ó ní 1, ìyẹn ló ń ta sánsán.