Ẹni tó ti fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé, tí Postfix ṣì ń lé padà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Òṣìṣẹ́ yín wà nílé, ó ń fi dátà fóònù rẹ̀ kọ ímeèlì sí oníbàárà. Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ pé, síbẹ̀ sáfà yín, tó ń lo Postfix (ètò tó ń gba ímeèlì, tó sì ń fi ránṣẹ́), dá a lóhùn pé «554 5.7.1», ó ní zen.spamhaus.org, blocklist (àkójọ àdírẹ́sì IP tí à ń dènà) ti Spamhaus, ló dènà rẹ̀. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwa tí à ń tọ́jú sáfà la jẹ̀bi.

Àkójọ kan tó ń jẹ́ PBL (Policy Block List) wà lára ohun tí Zen kó jọ, PBL kì í sì í ṣe àkójọ àwọn ọ̀daràn. Àdírẹ́sì IP tí wọ́n ń pín fún ilé àti fóònù ló kún ibẹ̀, àwọn tí kò yẹ kí wọ́n máa gbé ímeèlì lọ tààrà sí pọ́ọ̀tù 25 ẹlòmíràn. Ó dára láti fi yẹ sáfà àjèjì wò. Ẹ má fi yẹ ẹni tiyín wò. Lórí dátà, ọ̀pọ̀ fóònù ló tún ń pín IP kan lò, nítorí náà spam tí fóònù ẹnì kan rán lè di ẹrù sí orí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ènìyàn á rí permit_sasl_authenticated (àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹni tó ti fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé kọjá) nínú smtpd_relay_restrictions (àkójọ àṣẹ nípa ẹni tó lè gba sáfà ránṣẹ́ síta), á sì rò pé ó ti tán. Láti Postfix 2.10 ni àkójọ yẹn ti dá dúró. Permit máa ń parí àkójọ tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Postfix á tún wọ inú smtpd_recipient_restrictions, á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àkójọ tí ẹ bá kọ reject_rbl_client (àṣẹ tó ń lé ẹni tí IP rẹ̀ wà lórí blocklist) sí ni permit gbọ́dọ̀ ti ṣáájú rẹ̀:

smtpd_recipient_restrictions =
    permit_mynetworks,
    permit_sasl_authenticated,
    reject_unauth_destination,
    reject_rbl_client zen.spamhaus.org=127.0.0.[2..11]

Ẹ má yọ nọ́ńbà tó wà nípẹ̀kun yẹn. Bí sáfà yín bá ń gba ọ̀dọ̀ DNS gbogboogbò bíi 8.8.8.8 béèrè, Spamhaus lè fi 127.255.255.254 dáhùn, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò gba ìbéèrè náà. Láìsí nọ́ńbà, Postfix á ka ìdáhùn yẹn sí ẹ̀rí, á sì lé gbogbo ayé. Ẹ gbé unbound (ètò tó ń béèrè DNS fúnra rẹ̀) sórí sáfà yín fúnra yín.

Ẹ má sọ smtpd_delay_reject di «no». Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò tó wà nínú smtpd_client_restrictions á wáyé kí ẹni náà tó rí àyè mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Bákan náà ni postscreen, ẹ̀ṣọ́ Postfix tó ń yẹ àwọn tó ń wọlé wò: iwájú ilẹ̀kùn pọ́ọ̀tù 25 ló dúró sí, kò mọ ẹni tó ní pásíwọ́ọ̀dù. Pọ́ọ̀tù 587 tàbí 465 ni kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbà, kí permit_sasl_authenticated,reject sì wà fún wọn nínú master.cf (fáìlì tí Postfix ń ka ètò pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan láti inú rẹ̀). Èmi kì í gba pásíwọ́ọ̀dù lórí 25 rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: kí ènìyàn kó IP ilé-iṣẹ́ fóònù sínú mynetworks (àkójọ IP tí Postfix gbẹ́kẹ̀ lé) kí ẹjọ́ lè tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí àwọn IP yẹn á máa gba sáfà yín rán ímeèlì síbi tó wù ú láìmú pásíwọ́ọ̀dù kankan wá, sáfà náà gan-an á sì wọ blocklist.

Pásíwọ́ọ̀dù náà ṣeé jí. Ẹ so àdírẹ́sì ímeèlì tí oníkálukú lè fi ránṣẹ́ mọ́ orúkọ tó fi ń wọlé pẹ̀lú smtpd_sender_login_maps, kí ẹ sì kọ reject_authenticated_sender_login_mismatch (tó ń lé ẹni tó bá fi àdírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀ ránṣẹ́) ṣáájú permit, torí ohun tó bá wà lẹ́yìn permit kò ní kan ẹni tó ti wọlé mọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe postfix reload, ẹ pa Wi-Fi, ẹ fi dátà rán ímeèlì kan, kí ẹ wá sasl_username= (orúkọ ẹni tó fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé) nínú log, ìwé àkọsílẹ̀ sáfà.