Ẹ yí páálí rẹ̀ padà kí ẹ tó sanwó: bí mo ṣe ń ra àwo ráàpù ìhà gúúsù Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo ráàpù ìhà gúúsù Amẹ́ríkà jọ, orúkọ olórin ni wọ́n máa ń wá kiri. "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá ti Lil Wayne. Ẹ bá mi wá ti Outkast." Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èmi kì í wá olórin. Ilé-iṣẹ́ tó gbé orin jáde ni mo máa ń wá, ìlú tó wà, àti ẹni tó ni ín. Houston ni mò ń gbé, lápá ibi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà lóru, àmọ́ tí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, ọjà àlòkù ni ẹ máa bá mi. Ìyàwó mi ti ṣòfin: páálí kan ò gbọdọ̀ wọ gáráàjì mọ́ àfi tí òmíràn bá jáde.

Ìdí tí mo fi ń wá ilé-iṣẹ́ ni pé láwọn ọdún 1980, New York àti Los Angeles ni àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí, wọn ò ka ọmọ gúúsù sí. Àwọn ará gúúsù wá fowó ara wọn tẹ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó o sí búùtù ọkọ̀, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi ìfọkọ̀, lẹ́nu ọ̀nà kíláàbù. Ẹni tó bá wo olórin nìkan, ìdajì ìtàn ló gbọ́.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn páálí

Ẹ mú CD náà, ẹ yí i padà. Ẹ má tíì wo orúkọ orin. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ wò, níbi tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sí. Ẹ máa rí lẹ́tà P tí wọ́n fi òbìrìkìtì yí ká, àti lẹ́tà C tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. P yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ tó bá tẹ̀ lé e ni orúkọ ẹni tó ni ojúlówó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ohun tí àwọn olórin ń pè ní máásítà. C dúró fún àwòrán àti ìwé tó bá a wá. Lẹ́yìn náà ẹ máa rí "Manufactured and distributed by": ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó sì pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹni tó ni ín lè yàtọ̀ sí ẹni tó pín in, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ owó wà.

Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olórin yẹn gba owó àsansílẹ̀, ó sì fi máásítà sílẹ̀ fún wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kékeré bá wà nídìí P, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló pín in, ẹ fara balẹ̀, ọjà gidi lẹ dì mú yẹn. Bí ẹ bá rí "under exclusive license to", wọ́n yá wọn lò ni, wọn ò tà á.

Ẹ tún wo àdírẹ́ẹ̀sì, torí ìlú olórin àti ìlú olówó rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ẹ wo 8Ball àti MJG: ọmọ Orange Mound ní Memphis ni àwọn méjèèjì, àmọ́ Suave House ti Tony Draper, ní Houston níbí, ló gbé Comin' Out Hard jáde ní 1993. Ẹni tó bá ń wá wọn láàárín àwo Memphis nìkan á kàn máa da ọjà onítọ̀hún rú lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ò rí CD rà, ẹ lè ṣe èyí lórí fóònù. Ẹ ṣí àwo náà níbi tí ẹ ti ń gbọ́ orin, ẹ fà á wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, P yẹn wà níbẹ̀. Kìkì pé ẹni tó ni ín báyìí ni ibẹ̀ máa ń sọ, ó lè má jẹ́ ẹni tó fowó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ mú ìlú kan, kí ẹ rọ̀ mọ́ ọn

Ẹ ti Houston bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe torí pé èmi ń gbé ibẹ̀. (Ó dáa, torí ìyẹn náà ni.)

Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá ni Rap-A-Lot. James Prince, ọmọ àdúgbò Fifth Ward tó ń ta ọkọ̀ àlòkù, ló dá a sílẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1980, kí àbúrò rẹ̀ lè rí nǹkan gidi ṣe dípò kó máa rìn ní ìgboro. Ẹgbẹ́ tó kó jọ ni Geto Boys. Àwọn tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ kọ́ ni ayé mọ̀. Scarface, Willie D àti Bushwick Bill ni ayé mọ̀, Bushwick Bill gan-an sì rèé, oníjó ló kọ́kọ́ jẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Willie D kúrò, Big Mike bọ́ sí àyè rẹ̀ nínú àwo 1993. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ilé-iṣẹ́ ò kúrò lójú kan.

Bí ẹ bá rí àwo wọn ti 1990, èyí tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹ rà á, kódà kí ike rẹ̀ ti sán. Def American ti Rick Rubin ló gbé e jáde. Geffen tó yẹ kó pín in kọ̀ jálẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ni wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sára páálí pé Def American ò fara mọ́ kí a máa fi òfin pa èèyàn lẹ́nu mọ́, àmọ́ pé ẹni tó tẹ àwo náà tó sì ń pín in ò fọwọ́ sí ohun tó wà nínú rẹ̀, pé ìwà ipá àti ìṣekúṣe ló kún un. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó ń ta ọjà ló ń bú ọjà lára páálí ọjà!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Prince gbé We Can't Be Stopped jáde lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, Priority bá a pín in. Bushwick Bill ló wà lójú páálí yẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ilé ìwòsàn, ojú tí ìbọn bà hàn kedere, fóònù wà létí rẹ̀, àwọn méjì tó kù dúró tì í. Inú rẹ̀ ni Mind Playing Tricks on Me wà, gìtá Isaac Hayes ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ orin náà. Ẹ má gbé e sí i bí ìyá ìyàwó yín bá wà nínú mọ́tò.

Lẹ́yìn Rap-A-Lot, ẹ wá UGK. Pimp C àti Bun B wá láti Port Arthur, ìlú àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì létí òkun. Big Tyme ló kọ́kọ́ gbé wọn jáde ní 1992. Russell Washington ló ni ín, ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà nínú King's Flea Market níbí nígbà yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì ni The Southern Way tó kọ́kọ́ jáde, ẹni tó bá ní i lónìí kì í fẹ́ tà á. Lọ́dún yẹn kan náà ni Jive, ilé-iṣẹ́ tó tóbi ju Big Tyme lọ, gbà wọ́n. Bí ẹ bá ní méjèèjì, Tell Me Something Good wà nínú kásẹ́ẹ̀tì Big Tyme, ó tún wà nínú àwo àkọ́kọ́ tí Jive ṣe. Ẹ tò wọ́n tira, ẹ ka ẹ̀yìn wọn, ẹ máa rí bí orúkọ ṣe ń paarọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ kan náà. Ridin' Dirty ti 1996 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Wọn ò ṣe fídíò kankan fún un, ó sì tà débi pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù.

Ní ti DJ Screw, àwọn téèpù rẹ̀ ò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Robert Earl Davis lorúkọ rẹ̀. Ṣe ló ń fa ìyára orin lọ sílẹ̀ títí ohùn á fi wúwo, tó sì ń fi ẹ̀dà méjì àwo kan náà sọ ọ̀rọ̀ di àsọtúnsọ. Kásẹ́ẹ̀tì Maxell aláwọ̀ eérú ló ń gbà á sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń kọ orúkọ sí i. Ẹnu géètì ilé rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń tò sínú mọ́tò láti rà á, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1998. Ó kú ní November 2000. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó fi ṣe iṣẹ́ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Houston báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú téèpù June 27 ti 1996, tí òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Screwed Up Click, gbà sílẹ̀ fún ọjọ́ìbí ọ̀rẹ́ wọn, DeMo. Inú mọ́tò ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, lálẹ́, kí ẹ má sáré. Fóònù ò lè gbé báàsì yẹn.

N ò lè kúrò ní Houston láì dárúkọ ọmọ wa. Chamillionaire tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, Hakeem Temidayo Seriki ni, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Àwo òun àti Paul Wall ti 2002, Get Ya Mind Correct, Paid In Full ló gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ adáṣe tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Èyí ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra èyí tó ṣe lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá Universal. Lóòótọ́, ti Universal ló gbé e dé ipò kìíní ní 2006 tó sì gba Grammy, àmọ́ ti 2002 ni ẹ máa ti gbọ́ bí ọmọkùnrin náà ṣe ń kọrin tó ń sọ̀rọ̀ ráàpù lẹ́ẹ̀kan náà, kò tíì sí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Àwọn ìlú yòókù

Memphis ṣókùnkùn, ìlù wọn ń dẹ́rù bani, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Three 6 Mafia ni kí ẹ wá: DJ Paul, Juicy J, Lord Infamous àti àwọn yòókù. Mystic Stylez ti 1995, lábẹ́ Prophet Entertainment, ni ìpìlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí Memphis dáadáa bóyá ẹ máa rí Select-O-Hits. Sam Phillips ló ni Sun Records tí Elvis Presley ti bẹ̀rẹ̀; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá ilé-iṣẹ́ tó ń pín rẹ́kọ́ọ̀dù yìí sílẹ̀ ní 1960. Ìdílé tó ta rock fún baba ló ta Three 6 Mafia fún ọmọ. Ní 2006, DJ Paul àti Juicy J gba Oscar.

New Orleans rọrùn láti rí, ọjà kún fún un. Páálí No Limit, ilé-iṣẹ́ Master P, ni ẹ máa kọ́kọ́ dá mọ̀: lẹ́tà tó ń dán bíi dáyámọ́ǹdì, wúrà káàkiri. Pen & Pixel ní Houston níbí ló ya èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Master P bá Priority ṣe àdéhùn pé òun á máa mú 85 nínú 100 owó tó bá wọlé, máásítà á sì wà lọ́wọ́ òun. Ní 1998 nìkan ó gbé àwo tó lé ní 20 jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dáa, ká sòótọ́; mo ti tà lára wọn sẹ́yìn. Cash Money tí àwọn ọmọ Williams dá sílẹ̀ ní 1991 gba 30 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Universal ní 1998, máásítà ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ àwọn olówó ilé-iṣẹ́ ni o, kì í ṣe ọwọ́ Hot Boys tó ń kọrin. Lil Wayne tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 2015, 2018 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adáṣe lè jẹ́ ti ọmọ àdúgbò, kó má jẹ́ ti olórin.

Ti Miami, ti Luther Campbell àti 2 Live Crew, ìwé ilé ẹjọ́ rẹ̀ dùn ún kà ju orin lọ. Luke Skyywalker ni ilé-iṣẹ́ Campbell ń jẹ́ títí George Lucas tó ṣe Star Wars fi gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó wá di Luke Records. Bí ẹ bá rí páálí tí Skyywalker ṣì wà lára rẹ̀, ó ti pẹ́ nìyẹn. Adájọ́ kan pe àwo wọn ní ìṣekúṣe ní 1990, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dà á nù ní 1992. Ní 1994 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tún gbà pé èèyàn lè fi orin ẹlòmíràn ṣẹ̀fẹ̀ láì jẹ́ olè. Àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i.

Mo fi Atlanta sẹ́yìn tinútinú. Outkast dáa, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n LaFace tó gbé wọn jáde wà lábẹ́ Arista, ilé-iṣẹ́ ńlá, nígbà yẹn, ẹ máa rí i lẹ́yìn páálí. Ohun tí ẹ máa wá níbẹ̀ ni orúkọ Organized Noize, àwọn tó po ìlù wọn nínú yàrá abẹ́ ilé ìyá Rico Wade.

Kí ẹ tó yọ owó

Bí CD bá jẹ́ ojúlówó, fàdákà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dà á kọ, ẹ dá a padà, àfi tó bá jẹ́ míksitéèpù, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ta àwọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí ihò wínníwínní tí iná ń gbà kọjá, ibẹ̀ ló máa ti fò. Ẹ wo eteetí ihò àárín rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ má náwó lórí ike. Ike tuntun ò wọ́n, ìwé inú rẹ̀ ni kò ṣeé rí.

Ti kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tan èèyàn jù. Ẹ wo tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín ẹnu rẹ̀, èyí tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ. Bó bá ti já bọ́, ohùn á máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ wo ara téèpù fúnra rẹ̀: bí nǹkan funfun bíi lẹ́búlẹ́bú bá wà níbẹ̀, ó ti bu, ẹ má gbé e wọnú ẹ̀rọ yín, yóò kó o ran àwọn tó kù. Wọ́n máa ń fi ìdè tó ṣeé tú mú àwọn kan, wọ́n sì máa ń fi gáàmù lẹ àwọn mìíràn pa. Èyí tó ṣeé tú ni mo máa ń yàn, torí mo lè ṣí i kí n gbé tìmùtìmù inú kásẹ́ẹ̀tì tí ò wúlò sí i. Tí ẹ bá délé, ẹ yí i dé òpin kí ẹ tún yí i padà kí ẹ tó gbọ́ ọ, kí téèpù tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń bọ bíró sínú ihò rẹ̀ bó bá ń lọ́? Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Òòró ni kí ẹ máa tò wọ́n, kí ẹ gbé wọn jìnnà sí sípíkà torí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rà á lọ́sàn-án nínú ooru, ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ tì í sí, kí ike rẹ̀ má bàa wọ́.