Páálí Tuntun Ti Dé, eVisa Ńkọ́?

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Peckham, ní London, àmọ́ tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, fóònù ni wọ́n máa ń nà sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eVisa mi,” ìyẹn àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ní ìlú ọba. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ rèé: páálí (ìwé ìrìnnà) Nàìjíríà tuntun tí ẹ gbà ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue kì í dédé wọ inú áàkáǹtì UKVI (ẹ̀ka físà ìjọba ìlú ọba) yín. Ẹ̀yin lẹ máa fi síbẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ka orúkọ inú páálí náà ní lẹ́tà-lẹ́tà ná. Bí ó bá jẹ́ Oluwaseun nínú páálí, tí ó jẹ́ Seun nínú eVisa, wàhálà ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Lórí GOV.UK, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Update your UK Visas and Immigration account details” sí. Nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi ṣí áàkáǹtì lẹ máa fi wọlé, ì báà ṣe páálí àtijọ́ tàbí BRP (káàdì ìgbélùú). BRP ti kógbá sílé láti ìparí 2024, síbẹ̀ ẹ má jù ú nù. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí àwòrán yín wà lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, kí iná má baà kọ mànà lórí ike ojú ewé náà, kí ìlà méjì ìsàlẹ̀ tó kún fún << lè hàn ketekete. Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, kì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá, owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń gbà.

Tí Home Office bá ní àwọn ti rí i gbà, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ máa padà wọlé wò ó títí nọ́ńbà tuntun á fi hàn. Òun ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú máa tẹ̀ l'Ékòó, tí kò bá rí nǹkan kan, ó di “ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.” Ẹ gba share code (kóòdù tí ẹlòmíì lè fi wo eVisa yín), 90 ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì pápákọ̀ òfuurufú kò ṣeé fọkàn tẹ̀.

Páálí àtijọ́ ńkọ́? Kí méjèèjì jọ máa rìn ni. Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú rẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tí kò sì bàjẹ́, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má yọ ọ́ o. Àwọn màmá wa tí sítáǹpù ìgbélùú wọn ṣì wà nínú páálí ayé Thatcher, No Time Limit ni kí wọ́n béèrè fún. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, òun ló máa sọ sítáǹpù yẹn di eVisa.